Tíà rọ́bà, tòkunbọ̀ àbí Náíjá yúùsì: èwo ni kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ rà báyìí?

Ẹ dúró sí Tákìé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ẹ kàn máa wo mọ́tò tó ń kọjá, ẹ máa rí i pé ọjà ti yí padà. Corolla àti Camry ṣì pọ̀ lọ jàra, Micra náà ò kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn jíìpù tí a ò gbọ́ orúkọ wọn rí lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ti wà láàárín wọn báyìí, Jetour, GAC, Changan, Chery, àwọn ẹlòmíì ò tíì bó náílọ́ọ̀nù kúrò lórí ìjókòó pàápàá. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò ò ní ìrònú púpọ̀, tòkunbọ̀ ni, ó kàn ku kó mú nínú Toyota àti Honda. Ní báyìí ọ̀nà ti di mẹ́ta mẹ́rin, owó tí wọ́n sì ń pè lórí gbogbo wọn, téèyàn bá fi ra ìràkurà, ó lè pẹ́ gan-an kó tó rí òmíì rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká fi wọ́n wé ara wọn dáadáa, kì í ṣe bí àwọn dílà ṣe ń sọ ọ́ o, bí ẹni tó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ àbí Ọ̀yọ́ ṣe máa lò ó gan-an ni.

Ẹ rántí 29 May 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Tinubu, tó ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí a ń rà láì tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó di 617 nínú July, nígbà tó fi máa di ìparí 2024 ó ti lé ní 1,000. Inú June 2023 náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́jà, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 ní báńkì gun orí 1,500 nígbà tó yá. Tòkunbọ̀ sì rèé, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á lọ́hùn-ún, dọ́là ni wọ́n fi ń gbé e gba orí omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù gan-an, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún náà kòrónà ti da ilé iṣẹ́ mọ́tò rú, àwọn ṣíìpù kékeré tó ń darí ọkọ̀ di ọ̀wọ́n láti 2020 títí dé 2022, mọ́tò tuntun tí wọ́n ṣe láwọn ọdún yẹn ò pọ̀, ẹni tó sì ní ti àtijọ́ lọ́wọ́ ò fẹ́ tà á. Ọkọ̀ tí wọn ò ṣe nígbà yẹn ò lè di tòkunbọ̀ tiwa lónìí. China sì ń ṣe ọkọ̀ ní tiẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, 2023 ló kọjá Japan, òun ló wá ń kó mọ́tò ránṣẹ́ sókè òkun jù láyé, ọjà tiwa náà sì wà lára ibi tó ń kó o lọ.

Kí n sọ èrò tèmi kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: ẹ má kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé tó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe, níbo ni pátì ẹ̀ wà, báwo ló ṣe jìnnà sí ilé mi. Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà lè má ro ìyẹn. Àwa tí a wà láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin gbọ́dọ̀ rò ó.

Tíà rọ́bà

Ọkọ̀ tuntun dùn, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Kò sẹ́ni tó lò ó ṣáájú yín, kò sí jàǹbá tí wọ́n fi kun bò mọ́lẹ̀, pépà ẹ̀ mọ́ tónítóní, ilé iṣẹ́ sì máa fún yín ní wáráńtì ọdún mẹ́ta, àwọn ará China míì tiẹ̀ ń fún èèyàn ní márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n lè rí ọkàn wa fà mọ́ra. Ẹni tó ń rin ìrìn òru, dókítà tí wọ́n lè pè nígbàkígbà, ẹni tó ń gbé ìyá arúgbó lọ sí UCH lóòrèkóòrè, ìfọ̀kànbalẹ̀ tó wà nínú kéèyàn mọ̀ pé ọkọ̀ òun ò ní kú sójú ọ̀nà, owó ni.

Àmọ́ ẹ ka ìwé wáráńtì yẹn dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn fẹ́ kí ẹ máa gbé e wá fún sẹ́fíìsì lọ́dọ̀ àwọn fúnra wọn, ní gbogbo 5,000 tàbí 10,000 kìlómítà, tí mẹkáníìkì ìta bá sì ti fọwọ́ kàn án wọ́n lè ní wáráńtì ti bàjẹ́. Ibo wá ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà? Èkó àti Àbújá ló pọ̀ jù, àwọn kan ní ti Ìbàdàn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn bíi 100 kìlómítà ni, ẹ lọ, ẹ jókòó tì í dalẹ́, ẹ padà wá. Tó bá jẹ́ Èkó, ọjọ́ méjì ti lọ nìyẹn. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ti ń gbé e lọ sí Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Tíṣà tó wà ní Ìrẹ́sàapá ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ pátì náà wà níbẹ̀. Pátì Corolla, ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta á nígboro, ẹ máa rí tuntun, ẹ máa rí tòkunbọ̀, ẹ máa rí èyí tí wọ́n ṣe ní China tó jọ ọ́. Àmọ́ iná iwájú Jetour, tí ọlọ́kadà kan bá fi ọkọ̀ ẹ̀ kọlù ú ní Apákẹ́, lọ́wọ́ dílà ni ẹ máa ti béèrè fún un, iye tí wọ́n bá pè ni ẹ máa san. Ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, 1.5 ni, tọ́bò ni wọ́n fi ń fún un lágbára. Tọ́bò ò burú o, ṣùgbọ́n kò gba ọ́ìlì àdàlù, kò sì fẹ́ kí ẹ sún ìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì síwájú torí pé owó oṣù ò tíì wọlé.

Owó míì wà tí dílà kì í sọ. Ọ̀pọ̀ tíà rọ́bà ti kọjá mílíọ̀nù 20 náírà báyìí, ká ní ẹ ra ti mílíọ̀nù 25, ìnṣọ́ránsì tó máa ń sanwó tí wọ́n bá jí ọkọ̀ tàbí tó bá ní jàǹbá, tí wọ́n ń pè ní kọ́mpíríhẹ́ńsìfù, kì í dín ní 5% iye ọkọ̀, mílíọ̀nù kan àti 250,000 nìyẹn lọ́dọọdún. Tó bá jẹ́ lóònù báńkì ni ẹ fẹ́ fi rà á, ní àárín 2024 èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀ ti kọjá 26%, báńkì tó máa yá yín lówó á sì tún fi tiẹ̀ lé e. Ẹ má bá wọn ṣe é. Kọ́pù, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín, sàn jù ú lọ fíìfíì, tí kò bá sì tó, ẹ ra èyí tó kéré.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé kò rí báyìí láyé àwọn bàbá wa. Ní 1975, lásìkò owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́, tíṣà àti akọ̀wé ìjọba ń fi lóònù ìjọba ra mọ́tò tuntun, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen l'Ékòó, Ìbàdàn nílé tiwa níbí ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ ẹrù Leyland. Èyí tó kù tó ń gbìyànjú jù báyìí ni Innoson ní Nnewi, tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ wọn ní October 2010. Tí ẹ bá fẹ́ tíà rọ́bà tí wọ́n to ní Nàìjíríà, ẹ wò ó, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi wọ́n: ibo ni ṣọ́ọ̀bù yín tó sún mọ́ mi jù?

Tòkunbọ̀

Òhun ni ọ̀pọ̀ wa ṣì fẹ́ràn jù, ìdí ẹ̀ sì wà, ọkọ̀ tó rin títì dáadáa lókè òkun, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ lásìkò, ó lè sìn yín fún ọdún mẹ́wàá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ nínú èyí tó ń dé, inú ọjà gbàǹjo ni wọ́n ti rà á, lẹ́yìn tó ti ní jàǹbá tàbí tí omi ti gbé e. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Texas ní 2017, tí Ian jà ní Florida ní 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò ló wà lábẹ́ omi, iyọ̀ òkun sì wà nínú òmíì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún, á máa dán gbinrin, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ rà á ni iná inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wù ú, rewáyà á wá di ọmọ ilé yín.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì kan ń yẹ Camry kan wò fún oníbàárà ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń búra, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ò mu omi rí, ẹ wo inú ẹ̀." Mẹkáníìkì ò dá a lóhùn, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó fa bẹ́líìtì jáde títí tó fi dé ìdí. Ibi tó máa ń ká sí nínú, tí ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í rántí, ẹrẹ̀ gbígbẹ ti fa ìlà sí i lára, ó rí pupa rúsúrúsú. Ó tún ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ó tú táyà sípíà, ìpẹtà wà lábẹ́ ẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà lè ṣe é fúnra yín, kò gba kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ka VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ẹyọ 17 ni, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà àti lára férémù ilẹ̀kùn. Èyí tó ṣáájú á sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: 1, 4 àti 5 Amẹ́ríkà ni, 2 Kánádà, J Japan, L China. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ ka èyí tó wà ní ipò kẹwàá, òun ló ń sọ ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, títí lọ dé H tó jẹ́ 2017, wọ́n fo I, J ló wá jẹ́ 2018. Tí ẹni tó ń tà á bá pè é ní 2012 tí ẹ rí 9 níbẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. VIN yìí náà ni ẹ lè tẹ̀ sórí Carfax láti rí ìtàn jàǹbá ẹ̀, owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, ẹ san án. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ti ń sọ ọkọ̀ tí wọ́n dá padà fún àtúnṣe, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹ má fojú kéré ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ báàgì afẹ́fẹ́ (éábáàgì) tí iléeṣẹ́ Takata ṣe. Corolla 2003 sí 2013 àti Honda Accord 2001 sí 2012 wà lára ẹ̀, báàgì tó yẹ kó dáàbò bo dẹ́rẹ́bà lè bú kó sì ju irin sí i lára, ooru àti ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́, ooru kì í sì í wọ́n wa níbí.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì náà ṣe pàtàkì. Gbogbo èèyàn ń sáré lé Camry Muscle, ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú ti 2007 sí 2009 máa ń jẹ ọ́ìlì, Toyota fúnra wọn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tún púpọ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ fa ìwọ̀n ọ́ìlì jáde, kí ẹ wo èéfín ẹ̀yìn tí wọ́n bá kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, tó bá rí bí àwọ̀ búlúù, ẹ yẹra. Corolla LE láti 2014 sókè, gíà CVT ni, èyí tí kò ní ìpele-ìpele bíi gíà tí a mọ̀, ó ń dín epo kù, àmọ́ ọ́ìlì tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì gíà lásán sí i.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá wo Corolla olówó pọ́ọ́kú tó wọlé láti apá Ṣakí, kò sí pépà kọ́sítọ́ọ̀mù gidi tó lè tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí àwọn aṣọ́bodè bá dúró sójú ọ̀nà Ìlọrin, ẹ̀yin ni ẹ máa rin ilé padà.

Náíjá yúùsì

Àwọn èèyàn máa ń tijú láti sọ pé ọkọ̀ tí ẹlòmíì ti lò níbí làwọn rà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní Ògbómọ̀ṣọ́, Náíjá yúùsì tí a mọ olówó ẹ̀ sàn ju tòkunbọ̀ tí a ò mọ ibi tó ti ń bọ̀ lọ. Mo tẹnu mọ́ *tí a mọ olówó ẹ̀*. Lẹ́kíṣọ́rà LAUTECH tó ń já lọ sílẹ̀ òkèèrè, nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì tó ń gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà nìkan, mọ́ọ́lẹ́bí yín tó fẹ́ ra jíìpù, irú ọkọ̀ wọn ni kí ẹ wá kiri kó tó dé ọwọ́ dílà. Ẹ bèèrè mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe, kí ẹ sì lọ bá a: "Ọ̀gá, kí ni ẹ ti ṣe sí ọkọ̀ yìí rí?" Ìdáhùn yẹn wúlò ju ìbúra olówó ẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa fi pamọ́ sí ọkàn ni pé títì wa ti jẹ nínú ẹ̀. Sọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lápapọ̀, ẹ fi owó wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ kí ẹ tó rà á. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bóyá ó bá ti pépà mu, torí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pààrọ̀ pọ̀, wọn kì í sì í lọ yí i lórí pépà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, katalítíìkì tó ń sẹ́ èéfín, àwọn kan ti yọ ọ́ tà. Ẹ gbé e gun òkè, kì í ṣe láti géètì dé kọ́nà nìkan, kí ẹ tan ẹ́ésì kí ẹ sì jẹ́ kó dúró fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ wo bóyá ó ń gbóná. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tó kọ̀ kí ẹ gbé mẹkáníìkì tiyín wá, kò sí ohun tí ẹ tún ń dúró ṣe níbẹ̀.

Epo, gáàsì àti iná

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù nìyí. Ká fi epo sí 900 náírà lítà, ká ní ẹ máa ń lọ Ìbàdàn. Corolla 1.8 á jẹ bíi lítà 9 ní 100 kìlómítà, 8,100 náírà. Highlander oní V6 á jẹ bíi 13, 11,700. Camry hábíríìdì, tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀, á jẹ bíi 6, 5,400 péré. Àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 50, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Highlander àti hábíríìdì yẹn tó 630,000 náírà. Jíìpù wuyì lóde ìnáwó, òótọ́ ni, ẹ ṣáà ti mọ iye tó ń gbà lọ́wọ́ yín.

Hábíríìdì sì ń bọ̀ wá bá wa bí a fẹ́ bí a kọ̀. Sienna ní Amẹ́ríkà, láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2021 hábíríìdì nìkan ni wọ́n ń ṣe, Camry bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé láìpẹ́ Sienna tòkunbọ̀ tó máa ń gbé èèyàn lọ Èkó, bátìrì ńlá á ti wà nínú ẹ̀. Bátìrì yìí nílò afẹ́fẹ́. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, fáànù ń fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀, eruku ọyẹ́ sì máa ń dí i. Ẹ máa nù ún, kí ẹ má sì gbé báàgì dí i. Tí ẹ ò bá tíì rí mẹkáníìkì tó mọ hábíríìdì ní ìlú yín, ẹ mú sùúrù ná.

CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sìlíńdà, rọ̀ lówó ní tiẹ̀ ju pẹtiróòlù lọ, ìjọba sì ti ń ti èèyàn sí i láti 2023. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe káríkárí láàárín ìlú àti ìlú á jèrè ẹ̀, àmọ́ kí ẹ tó yí ẹ́ńjìnnì padà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì náà kàn lójú ọ̀nà tí ẹ máa ń tọ̀, sìlíńdà náà á sì gba búùtù yín. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ gbé e lọ. Ní October 2024 sìlíńdà ọkọ̀ kan bú ní Benin City níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, wọ́n wá rí i pé wọ́n jó sìlíńdà náà pọ̀ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún CNG rárá.

Ti iná mànàmáná, lágbàáyé wọ́n ta ọkọ̀ tó ń lò ó tó lé ní mílíọ̀nù 17 ní 2024. Níbí, ẹni tó wà lórí Band A, àwọn tí iléeṣẹ́ iná IBEDC ń fún níná jù, tàbí tó ní sólà tó pọ̀ nílé lè máa rò ó. Èmi ò tíì ní kí ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo rà á.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Òṣìṣẹ́ tó ń lọ láti Owódé sí ọ́fíìsì l'Ọ́yọ̀ọ́, Corolla Náíjá yúùsì, ó parí. Alátajà Wáàsò tó ń lọ Èkó kó ọjà, Sienna tòkunbọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń lọ oko lápá Ọkọ̀ àti Ìrẹ́sàadú, ọkọ̀ tó ga sókè lẹ́sẹ̀, RAV4 àtijọ́ tó ní pátì nílẹ̀ sàn ju tíà rọ́bà tuntun lọ. Tíà rọ́bà yẹ iléeṣẹ́, ilé ìwòsàn, àti ẹni tó máa ní ọkọ̀ kejì nílé nígbà tí èyí àkọ́kọ́ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù n'Ìbàdàn. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì mú, ẹ má ná gbogbo owó tán lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́wàá kù lọ́wọ́ yín, torí táyà, bátìrì àti àkọ́kọ́ sẹ́fíìsì ò ní jẹ́ kí oṣù kan parí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá san owó, ẹ gba ìwé àdéhùn tó ní VIN, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, orúkọ àti fọ́tò ẹni tó tà á, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ẹ lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ìnṣọ́ránsì tí òfin fẹ́ fún ọkọ̀ àdáni, 15,000 náírà ni láti January 2023, ó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíì, ẹ má ra ayédèrú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.